Síkáòtù kì í sọ ọmọbìnrin di ọkùnrin: ohun tó yẹ kí òbí wò kó tó sanwó

Ìyá kan ní Àgíríkì, Ìkòròdú, ló kọ̀wé béèrè. Ó ní ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan tó máa ń tijú, tí omijé kì í jìnnà sí ojú rẹ̀, àti ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀. Bàbá ọmọ ní kí ọkùnrin lọ, kó lè gbó, kí obìnrin dúró sílé, torí ìyá òun sọ pé ọmọbìnrin tó bá ń wọ kákí, tó ń sùn nínú àgọ́, tó ń bá ọkùnrin so okùn, ìwà ọkùnrin ni yóò máa hù, ọkọ á sì ṣòro fún un. Ìyá náà fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ yìí ń tún ìwà ọmọ ṣe lóòótọ́, bóyá ó lè yí ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin padà, àti ohun tí òun máa wò kí òun tó sanwó.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Àwọn ọmọ méjèèjì lè lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ tó wọ kákí ló yẹ kí wọ́n lọ, ìdí sì nìyẹn tí ìdáhùn yìí á fi gùn díẹ̀.

Kákí kì í tún ìwà ọmọ ṣe, yíyan bíi sójà náà kì í ṣe é. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú Síkáòtù ni ọ̀wọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní pátíróòlù: ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olórí, tí òmíràn jẹ́ igbákejì, tí wọ́n sì ní iṣẹ́ gidi tí àgbàlagbà kò ní bá wọn ṣe. Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kọ́kọ́ dán an wò ní erékùṣù Brownsea ní oṣù kẹjọ ọdún 1907. Ó kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin jọ, àwọn kan láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ olówó, àwọn kan láti ilé òṣìṣẹ́, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì fi àkóso ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lé ọmọ lọ́wọ́. Báàjì, síkáàfù àti orin ìdí iná kàn ń tẹ̀lé e ni.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kan fi ọparun ṣe tábìlì tí wọn yóò máa gbé kòkò àti abọ́ lé. Wọ́n ní láti so igi ìbú mọ́ igi òòró. Okùn tó tó mítà mẹ́ta ni kí wọ́n mú fún ojú ìdè kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ okùn tó há lọ́wọ́. Okùn ọ̀rá máa ń yọ̀ lára ọparun. Ọmọ á kọ́kọ́ yí okùn po igi òòró lẹ́ẹ̀mejì, nísàlẹ̀ ibi tí igi ìbú máa jókòó, á ki orí okùn bọ abẹ́ èyí tó yí kẹ́yìn, á fà á le. Lẹ́yìn náà á wé okùn yí igi méjèèjì ká lẹ́ẹ̀mẹta, iwájú igi ìbú, ẹ̀yìn igi òòró. Ohun tó kàn ni gbogbo wọn máa ń sáré fò: kí okùn gba àárín igi méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó fún èyí tí wọ́n ti wé tẹ́lẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan á di igi mú, ẹnì kejì á fi gbogbo ara fa okùn. Wọ́n á wá so ìparí rẹ̀ mọ́ igi ìbú.

Bí wọn kò bá fún un dáadáa, tábìlì náà á dúró, á sì wuyì lójú, títí wọ́n á fi gbé kòkò ọbẹ̀ lé e. Ọparun tútù tún máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, nítorí náà ìdè tó le lọ́jọ́ Ẹtì lè ti dẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó bá wó, kò sí tíṣà kankan tó bú wọn. Ọbẹ̀ ló dà nù. Wọ́n á wo ibi tó tú, wọ́n á mọ ẹni tó so ó, olórí ọ̀wọ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré, á sì ní láti pinnu lójú ẹsẹ̀ bóyá òun máa jágbe mọ́ onítọ̀hún ni àbí òun máa bá a so ó tún. Ibẹ̀ ni ìwà ti ń yí padà, díẹ̀díẹ̀, lórí irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀, kì í ṣe lórí ìwàásù.

Oúnjẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ̀wọ́ kan lówó pé kí wọ́n lọ ra oúnjẹ alẹ́ ní ọjà Sábó, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìrẹsì dẹ̀rìkà kan lè yó ọmọ mẹ́jọ tó jókòó sílé, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́jọ tó ti ń rìn láti àárọ̀ á fẹ́ dẹ̀rìkà kan àbọ̀. Pé owó èédú wà nínú owó yẹn. Pé tòmátì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kò ní dúró di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ṣì í, wọ́n á jẹ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. (Ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń fi gàrí àti ẹ̀pà pamọ́ sínú báàgì rẹ̀, kò sì ní sọ fún wọn.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ti ń kùnà nìyí. Wọ́n á kó ọgọ́ta ọmọ sórí ìlà kan, ọ̀gá kan á máa fọn fèrè, wọ́n á máa yan láti oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá kí wọ́n lè kọjá níwájú àlejò pàtàkì, lẹ́yìn náà ó di ìgbà eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kí a tó tún rí wọn. Kò sí ọ̀wọ́, kò sí ìpàgọ́, kò sí ìpàdé àwọn olórí ọ̀wọ́ níbi tí ọmọ ti lè sọ pé ohun tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá kò dára. Ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń yan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀rí, ó wà, àmọ́ ká má fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí ìwádìí ti ń tọpa wọn láti ìgbà tí wọ́n bí wọn lọ́dún 1958. Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Edinburgh àti Glasgow wo nǹkan bí 9,600 nínú wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Àwọn tó ti ṣe Síkáòtù tàbí Gáìdì, ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tó wà fún ọmọbìnrin, nígbà èwe, bí wọ́n ṣe pé àádọ́ta ọdún, ewu àìsàn àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré lọ́dọ̀ wọn ju lọ́dọ̀ àwọn tí kò ṣe é. Èyí tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín ìlera ọkàn ọmọ tálákà àti ti ọmọ olówó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́ láàárín àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì Tufts tọpa ọmọ Kọ́ọ̀bù, ìyẹn ìpele àwọn ọmọdé nínú Síkáòtù, tó tó 1,800 ní agbègbè Philadelphia fún nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé nǹkan bí 400 ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Ìrànlọ́wọ́, inú rere, ìgbọràn àti ìṣeé-fọkàn-tán lọ sókè lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ti àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn tó ń wá déédéé ló jàǹfààní jù.

Ìwádìí méjèèjì kò fi ẹ̀rí hàn pé Síkáòtù nìkan ló fà á. Òbí tó ń rántí mú ọmọ lọ sí ìpàdé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta lè jẹ́ òbí tó ń ṣe nǹkan mìíràn dáadáa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èmi á ka ọ̀rọ̀ wíwá déédéé yẹn sí gan-an: ọmọ tó wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún kò ní rí nǹkan kan mú lọ sílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ gan-an bẹ̀rù ohun tí ó bẹ̀rù. Ọmọkùnrin nìkan ni Baden-Powell ní lọ́kàn. Ogun Gúúsù Áfíríkà ti jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ṣàníyàn pé ọ̀dọ́mọkùnrin wọn ti di aláìlágbára. Nígbà tí àwọn ọmọ Síkáòtù péjọ ní Crystal Palace ní London lọ́dún 1909, àwọn ọmọbìnrin wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì wá láìpè. Ọ̀rọ̀ dàrú. Lọ́dún 1910 ni wọ́n dá Gáìdì sílẹ̀ fún wọn, Agnes, àbúrò Baden-Powell lóbìnrin, sì ni wọ́n fi síwájú rẹ̀. Síkáòtù dé Nàìjíríà lọ́dún 1915, Gáìdì lọ́dún 1919. Lady Oyinkan Abayomi ló wá darí àwọn Gáìdì Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá ilé ni, ìyàwó dókítà, olóṣèlú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Èkó. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyá àgbà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Nítorí náà, rárá, okùn síso kì í yí ọmọbìnrin padà sí ohun tí kì í ṣe. Ohun tó ń yí padà ni iye nǹkan tí ọmọ gbà pé òun lè ṣe. Àwọn obìnrin tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kò dúró de ẹgbẹ́ kankan kó tó sọ fún wọn pé wọ́n lágbára, wọ́n sì ń ṣe aya àti ìyá lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹgbẹ́ lè kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ kan wà fún obìnrin, òmíràn fún ọkùnrin, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Kathleen Denny, onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, fi ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn ọmọbìnrin wé ti àwọn ọmọkùnrin lọ́dún 2011. Ó rí i pé báàjì tí ọmọkùnrin gbà nípa òkúta máa ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ onímọ̀ ilẹ̀. Irú rẹ̀ tí ọmọbìnrin gbà ní orúkọ tí ń ṣeré. Wọ́n rán ọmọbìnrin sí iṣẹ́ ọnà àti ìṣe àjọṣe, wọ́n rán ọmọkùnrin sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àdáṣe.

Ní Ìkòròdú, ìwé pínpín iṣẹ́ ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí ọ̀gá fi ti ìpàgọ́ tó kọjá hàn yín. Bí orúkọ ọmọbìnrin nìkan bá wà lábẹ́ ìdáná àti ìfọbọ́, tí ti ọmọkùnrin sì wà lábẹ́ àgọ́, omi àti iná, ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí ká lójoojúmọ́, kí ọmọkùnrin yín mọ bí a ṣe ń ro àmàlà tí kò ní kókó, kó mọ bí a ṣe ń gán bọ́tìnì, kó mọ bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́; kí ọmọbìnrin yín mọ àdá lò, kó sì darí ọ̀wọ́ nígbà tí ó bá kàn án.

Ẹ tún fetí sí bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ. Ọ̀gá tó ń sọ fún ọmọkùnrin tó ń sunkún pé "ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" ti kọ́ àwọn méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọkùnrin náà pé kó fi ìbànújẹ́ pamọ́, obìnrin tó dúró ti í pé èébú ni jíjẹ́ obìnrin. Bí ọmọ kan bá sì ti yàtọ̀ sí bí àwọn ènìyàn ṣe rò pé ọkùnrin tàbí obìnrin ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má fi í sí Síkáòtù láti lọ tún un ṣe. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí kò ti sí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nítòsí, kò sì ní fẹ́ lọ mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń gbádùn ọ̀wọ́ tó dára jù, torí pé ìdè tó so dáadáa ni wọ́n ń wò.

Ẹ lè béèrè bóyá kí obìnrin lọ sí Síkáòtù àpapọ̀ tàbí Gáìdì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọbìnrin sí ìpele àwọn àgbà lọ́dún 1976, wọ́n sì ṣí gbogbo ìpele fún wọn lọ́dún 1991. Amẹ́ríkà ṣí Kọ́ọ̀bù lọ́dún 2018 àti ìpele àgbà lọ́dún 2019. Gáìdì ṣì jẹ́ ti obìnrin nìkan, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé níbi tí kò bá sí ọkùnrin, obìnrin kò ní ẹni tí yóò fi ipò olórí sílẹ̀ fún. Lójú tèmi, ọmọbìnrin tó ń tijú, Gáìdì ló dára fún un lákọ̀ọ́kọ́. Ti yín tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ yìí, Kọ́ọ̀bù tàbí Bùráòní (ìpele àwọn ọmọdé nínú Gáìdì), èyí tó bá sún mọ́ ilé tó sì ní obìnrin tó dáńtọ́ gẹ́gẹ́ bí olùdarí, kó máa lọ.

Ọmọkùnrin yín ló nílò ìpalẹ̀mọ́ jù. Ẹ má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ìpàgọ́ ọjọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù méjì ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà oorun alẹ́ kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kó tó wá kan ọjọ́ méjì níbòmíràn. Alẹ́ àkọ́kọ́ ni àárò ilé máa ń le jù. Kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ kékeré kan kí ilẹ̀ tó ṣú, bíi kó máa bójú tó fìtílà ọ̀wọ́, kí wọ́n má sì fún un ní fóònù láti fi pè yín, torí ohùn yín ló máa tú ẹkún náà sílẹ̀. Bó bá ṣì ń tọ̀ sílé, ẹ sọ fún ọ̀gá ní ìkọ̀kọ̀: kó dín omi mímu kù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n jí i ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kí ẹní àti ṣòkòtò kejì wà nínú ọ̀rá dúdú tí òun nìkan mọ̀. Tí ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, kí ọmọ yín má lọ.

Fún ọmọbìnrin, ẹ má dúró di ìgbà tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nínú àgọ́. Páàdì mẹ́fà, ṣòkòtò abẹ́ méjì, ọ̀rá tí kò ṣeé wò inú rẹ̀ àti ọṣẹ ni kí ẹ dì sápá kan báàgì rẹ̀, kí ó sì mọ obìnrin tí òun máa bá sọ̀rọ̀. Ilé ìwẹ̀ tó ní ìbòjú gbọ́dọ̀ wà, kí ti obìnrin jìnnà sí ti ọkùnrin. Kó má ṣe jẹ́ pé dandan ni kó wọ inú omi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ní àwàdà nínú. Ẹgbẹ́ Síkáòtù Amẹ́ríkà lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́dún 2020 pé òun ti wọ gbèsè, nígbà tí ẹ̀sùn sì pé, ó ju 82,000 ènìyàn tó sọ pé wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ àwọn nínú ẹgbẹ́ náà nígbà èwe. Láti inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òfin tó wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ báyìí ti le sí i: àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí wọn, àgbàlagbà kì í bá ọmọ sùn nínú àgọ́ kan náà, bí ọmọbìnrin bá wà níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀gá kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù. Kíkúnlẹ̀ nínú oòrùn, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ àti "ìgbàwọlé" tí àwọn àgbà ọmọ ń fi fìyà jẹ ọmọ tuntun kò sí nínú ẹ̀kọ́ Síkáòtù níbikíbi. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é, ẹ yọ àwọn ọmọ yín kúrò lọ́jọ́ náà.

Àwọn nǹkan ti agbègbè wa náà wà. Kí ọ̀gá bèèrè ọjọ́ Orò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kó tó mú ọjọ́ ìpàgọ́ ní Ìkòròdú, torí bí ó bá bọ́ sí i, gbogbo obìnrin inú àgọ́ ni kò ní lè jáde. Bí wọ́n bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè, tàbí tí wọ́n ń sọdá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù ní Àgbádárìgì láti lọ wo ibi tí wọ́n ti kó ẹrú lọ, ẹ̀wù ìlefòó kan fún ọmọ kan, tó bá a mu, tí wọ́n ti dè kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú òkun tó wà lódì kejì erékùṣù yẹn. Ìgbì ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn wọlé.

Ẹ má ra kákí báyìí. Ẹ dúró títí ọjọ́ ìlérí á fi sún mọ́lé, nígbà tí ọmọ á jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ṣe ojúṣe rẹ̀ sí Ọlọ́run àti orílẹ̀-èdè, kó máa ran ènìyàn lọ́wọ́, kó sì pa òfin Síkáòtù mọ́. Mùsùlùmí àti Kristẹni ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan náà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́. Ẹ tètè sọ fún ìyá àgbà, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ pé láàárín ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni, kó má lọ na ọwọ́ òsì sí àgbà láàárín ìlú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún wákàtí kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀gá sọ̀rọ̀ àti iye ìgbà tí ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ wo bóyá ọmọ wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ tàbí lórí ìlà kan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ kan ṣe nǹkan kan bàjẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé òbí kò gbọ́dọ̀ dúró wòran, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ mú àwọn ọmọ yín, kí ẹ lọ bèèrè ẹgbẹ́ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ yín.